Ọmọ Òrìṣà àti Iṣẹ́ Kérésì ní Ilẹ̀ Òkèèrè

  

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dé iwájú àwa olùkọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò wa níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ilẹ̀ òkèèrè lásìkò Kérésì, kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ fún ará ìlú ibẹ̀. Wọ́n á kun ilé ìwé lọ́dà, wọ́n á pín oúnjẹ àti aṣọ, wọ́n á bá àwọn ọmọdé ṣeré, wọ́n á sì ṣe ìsìn Kérésì níbẹ̀ kí wọ́n tó padà wálé. Àwọn ọmọ wa ń bá ọmọ wọn ṣọ̀rẹ́. Wọ́n jọ ń lọ sí ilé ìwé ìjọba láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, kí tiwa tó wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nítorí náà, wọ́n ń pe àwọn ọmọ wa náà. Òbí kan á ní kí ọmọ òun máa lọ. Òbí kejì á ní láéláé, ẹsẹ̀ ọmọ òun ò ní tẹ ibẹ̀. Àwọn méjèèjì á wá bi wá pé, "Kí lẹ wí sí i?"

Èrò tiwa rèé. A ò sọ ọ́ bí òfin, torí olúkúlùkù ló ni ọmọ rẹ̀. A ní kí ọmọ náà lọ, bí ohun mẹ́ta bá wà níbẹ̀. Èkíní, kí iṣẹ́ náà jẹ́ iṣẹ́ tòótọ́ tí onílùú fúnra wọn bẹ̀ wọ́n sí. Èkejì, kí ẹni tí ebi ń pa lè gba oúnjẹ láì gba ẹ̀sìn. Ẹ̀kẹta, kí ọmọ wa lè lọ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó jókòó sílé, kó bá wa jẹ ẹ̀wà. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ la fẹ́ là sílẹ̀ fún yín.

Ohun tó dára, ká pè é ní dáadáa

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi òdodo fún ẹni tó ni ín. Gbogbo wa la mọ bí Kérésì ṣe rí nílùú yìí. Ilẹ̀ ti ń ṣú láàárín agogo mẹ́ta sí mẹ́rin ọ̀sán. Lọ́jọ́ Kérésì fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀sì kì í rìn ní Lọ́ńdọ̀nù, rélùwéè kì í rìn, olúkúlùkù á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á jókòó ti ẹbí rẹ̀. Bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún bá wá fi iyàrá tó móoru sílẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tó fi oúnjẹ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tó lọ sùn sórí ẹní ní ìlú tí kò mọ ẹnì kankan, ó ti ṣe nǹkan. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bo inúure mọ́lẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí àwọn àgbà inú yín á rántí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1989, ọjọ́ Kérésì gan-an, ni wọ́n yìnbọn pa Nicolae Ceaușescu tó jẹ́ olórí Romania, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn wá bí àwọn ọmọdé ṣe ń jìyà ní àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn wò ó, wọ́n sunkún, wọ́n sì pa tẹlifíṣàn. Ọkùnrin kan ní ìlú Wrexham ní Wales, Dave Cooke, àti Jill ìyàwó rẹ̀, ò pa tiwọn kí wọ́n wá lọ sùn. Ní 1990 wọ́n kó ẹ̀bùn jọ, wọ́n dì í sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ sì gba ojú yìnyín lọ sí Romania. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ páálí bàtà tí àwọn ọmọ yín ń gbọ́ nípa rẹ̀ nílé ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á mú páálí bàtà òfìfo, á kó ohun ìṣeré, ọṣẹ, ìwé àti pẹ́ńsù sínú rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ fún ọmọ mìíràn ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1993, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Samaritan's Purse gba iṣẹ́ náà, ó sì ti kárí ayé.

Ẹni tó bá ní ọkàn ò lè bú ohun tí tọkọtaya yẹn ṣe. Bí ọmọ olórìṣà bá ṣe irú rẹ̀, ìlù la máa lù fún un.

Ta ló gba àlejò Kérésì?

Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tó dàgbà ju ti Wrexham lọ, ilẹ̀ wa ló sì ti ṣẹlẹ̀. A fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa mọ̀ ọ́n, torí ó fi hàn pé nínú ọ̀rọ̀ Kérésì ní òkèèrè, ẹni méjì ló wà níbẹ̀: àlejò àti onílé. Àlejò nìkan ni ìwé máa ń yìn.

Àwọn Sàró ni ọmọ Yorùbá àti ọmọ ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Freetown. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Ní 1841, ọ̀kan nínú wọn tó ti dé Àgbádárìgì, James Ferguson, kọ̀wé pé kí wọ́n rán olùkọ́ ẹ̀sìn wá fún àwọn. Nítorí ìwé yìí ni Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì fi gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kẹsàn-án 1842. Ìlú Ọba ni wọ́n bí Freeman sí; ọmọ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tó padà dé Àgbádárìgì lọ́jọ́ tí Kérésì ku ọ̀la, ó bá Henry Townsend ti Ìjọ CMS níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Kérésì. Òun ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ìjọ kà sí Kérésì àkọ́kọ́ tí àwọn ajíhìnrere ṣe ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà lónìí. Igi Àgíà, tí wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù, dúró títí di 1959 kó tó wó.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Ìlú ta ni wọ́n ti ṣe Kérésì yẹn? Ìlú olórìṣà ni. Ta ló la ọ̀nà Abẹ́òkúta fún wọn? Ṣódẹkẹ́, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ó ní ìdí tirẹ̀, a ò sọ pé kò ní. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú ló ń bá àwọn Sàró padà bọ̀ wálé, ó fẹ́ kí ọ̀nà etí òkun là fún òwò, ogun sì yí i ká. Síbẹ̀ kò ní kí Freeman kọ́kọ́ tẹ Ifá kó tó fún un nílé. Kò ní kó kọ́kọ́ foríbalẹ̀ fún Ògún kó tó fún un lómi mu. Ó gbà á bí àlejò.

Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí. Kérésì tí wọ́n ń pè ní ti àwọn ajíhìnrere, orí ẹní olórìṣà ni wọ́n ti jókòó ṣe é. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá tẹ̀lé wọn lọ sí òkèèrè lónìí, kò lọ ṣagbe nínú ohun tí kò kàn án. Àwọn àgbà rẹ̀ ti ní ọwọ́ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ìwé ló pe Freeman wá. Ẹni kan bẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kó ọmọ yín lọ pé, "Ta ló pè yín?"

Ohun tó kù lẹ́yìn àlejò

Iṣẹ́ àlejò ò tán lọ́jọ́ tó bá lọ. Ohun tó bá kù sílẹ̀ la fi ń mọ̀ bóyá ó ṣoore. Townsend dúró sí Abẹ́òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn níbẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Àwa olùkọ́ yín tí a fi ọwọ́ ara wa kọ́ èdè yìí láti inú ìwé, a mọ oore tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe fún wa. Bí kò bá sí ẹni tó jókòó kọ èdè náà sílẹ̀, níbo ni ọmọ ẹrú tí wọ́n ti gba èdè lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti ayé bàbá ńlá rẹ̀ ìbá ti rí i kọ́? A dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà tó kọ èdè sílẹ̀ ló gbé orúkọ Èṣù, tó fi í sí ipò Sátánì nínú Bíbélì. Ẹ̀yin mọ ohun tí èyí ti ṣe fún wa. Èṣù tí à ń kí ṣáájú kí ọ̀nà lè là, òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ, ni wọ́n sọ di ọ̀tá Ọlọ́run. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́jọ á dárúkọ ẹ̀sìn ilé rẹ̀ nílé ìwé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀ á sì sá fún un. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìtumọ̀ ló dá ìyẹn sílẹ̀. Àlejò náà ṣiṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ onílé lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Yorùbá ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọn ò wo ilé.

Kí la fẹ́ kí ọmọ wa mú níbẹ̀? Kó má ṣe é fún ẹlòmíràn. Bó bá dé ìlú àwọn tó ń bọ odò, tàbí àwọn tó ń bọ bàbá ńlá wọn, kó má bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Kó béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan wọn, kó sì pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti pe òrìṣà rẹ̀ lórúkọ burúkú rí ló yẹ kó mọ ìyẹn ju gbogbo wọn lọ.

Oúnjẹ kì í ṣe owó ẹ̀sìn

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí aláìṣe ló rí. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn wá jù nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Kérésì. Ní ibi púpọ̀, ìwé kékeré nípa Jésù máa ń bá páálí bàtà rìn. Àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ ò fi pamọ́. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ pé ìròyìn rere ni ẹ̀bùn tó tóbi jù. A gbọ́. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti sọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ohun tí à ń béèrè ni pé: bí ìyá kan bá ní òun ò fẹ́ ìwé náà, ṣé ọmọ rẹ̀ á ṣì gba páálí? Bí bàbá arúgbó kan bá ní òun ò ní dúró gbọ́ ìwàásù, ṣé ìrẹsì rẹ̀ á ṣì dé ọwọ́ rẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé oore ni. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjà ni. Kò sí ohun tó burú nínú ọjà, ṣùgbọ́n kí a má pe ọjà ní oore, kí a má sì fi ebi ẹlẹ́bi ṣe ìwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí tún wà. Inú àwọn ọ̀dọ́ máa ń dùn láti lọ bá àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣeré lásìkò ọdún, wọ́n á gbé wọn mọ́ra, wọ́n á ya fọ́tò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á lọ, ọmọ tó ti mọ̀ wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Èyí tó burú jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní aláìlóbìí ní òbí láàyè. Ní Cambodia, iye irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i gidigidi láàárín 2005 àti 2010, nígbà tí kì í ṣe pé òbí ń kú púpọ̀ sí i. Owó àti ẹsẹ̀ àwọn àlejò ló fà á. Níbi tí àlejò bá ti ń sanwó láti rí ọmọ òrukàn, àwọn kan á wá ọmọ òrukàn jáde láti ibikíbi. Ní 2018, nígbà tí Australia ń ṣe òfin lórí oko ẹrú òde òní, wọ́n ka kíkó ọmọ lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí owó mọ́ ọn. Ní oṣù Kejìlá 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé náà kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Àwa tí wọ́n ta bàbá ńlá wa, ṣé àwa la máa wá sanwó ọkọ̀ òfurufú kí ọmọ elòmíràn lè kúrò nídìí ìyá rẹ̀? Rárá o. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ mọ́ ilé ọmọ aláìlóbìí, kí ọmọ wa má lọ. Kó fi owó náà ran ẹbí kan lọ́wọ́ kí wọ́n lè tọ́ ọmọ wọn nílé.

Àwọn Lùkùmí àti ọjọ́ ọdún

Àwọn kan á ní Kérésì ò kan olórìṣà rárá, kí la ń dá sí i sí. A ní ó kàn wá. Àwọn bàbá ńlá wa pàápàá ti lo Kérésì nílẹ̀ òkèèrè rí, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó lọ sí Kúbà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lùkùmí ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ní Havana, àwọn ọmọ ilẹ̀ kan náà ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní cabildo. Ọjọ́ tó tóbi jù fún àwọn ẹgbẹ́ yìí ni ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, Ọjọ́ Àwọn Ọba, tó ń parí àsìkò Kérésì. Lọ́jọ́ náà, ìjọba Sípéènì máa ń jẹ́ kí wọ́n gba ìgboro kọjá pẹ̀lú ìlù, ijó àti aṣọ eégún wọn. Wọ́n á lọ dé ààfin gómìnà, wọ́n á sì gba owó ọdún lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ìjọba dá a dúró ní 1884.

Kí ni cabildo ń fi owó ṣe? Wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń sin òkú, wọ́n sì ń ra òmìnira ẹni wọn tó ṣì wà lóko ẹrú nígbà tí agbára wọn bá ká a. Ẹ ò rí i? Ilẹ̀ àjèjì ni, àsìkò Kérésì ni, iṣẹ́ fún ará ìlú sì ni. Àwọn tí wọn ò ní nǹkan kan ló ṣe é fún ara wọn. Wọn ò ní kí òyìnbó wá pín nǹkan fún àwọn. Wọ́n gba ọjọ́ ọdún ẹni ẹlẹ́ni, wọ́n sì fi ṣe oore tiwọn, lábẹ́ òrìṣà tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ yín pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló mọ iṣẹ́ àánú, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Sí àwọn òbí tí ẹ̀rù ń bà

A mọ ẹ̀rù yín. Ẹ ní wọ́n á gba ọmọ yín mọ́ yín lọ́wọ́. Ìdáhùn wa ni pé ọmọ tó mọ ìdí tó fi ń kí orí rẹ̀ láàárọ̀, tó mọ oríkì ilé rẹ̀, tó mọ ohun tí òrìṣà rẹ̀ ń jẹ àti èèwọ̀ rẹ̀, orin Kérésì ò lè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ ló ń gbẹ. Ọmọ tí kò bá tíì mọ orísun rẹ̀, kó dúró dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ tiwa ni, àwa àti ẹ̀yin.

Àwọn mìíràn ní àwọn tó ń bú wa, kí la fẹ́ bá wọn ṣe pọ̀ fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ebi ń pa kọ́ ló bú wa. Òun la lọ bá. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ní ìkòkò ńlá, tí àwa sì ní ọwọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ro ọbẹ̀ nínú ìkòkò wọn kí ẹlẹ́bi jẹun.

Àwọn òbí tó ṣòro fún wa jù ni àwọn tó ní kí ọmọ lọ, ṣùgbọ́n kó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sílé kí wọ́n má baà lé e. A ò fara mọ́ ọn. Kí ọmọ sọ ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kó ní, "Olórìṣà ni mí. Màá bá yín ṣiṣẹ́, màá bá yín gbálẹ̀, màá dúró jẹ́ẹ́ bí ẹ bá ń gbàdúrà, mi ò ní bú Jésù, mi ò sì ní gba oúnjẹ alẹ́ Olúwa." Bí olórí wọn bá ní ó dára, a jẹ́ pé ọmọlúàbí pàdé ọmọlúàbí. Bó bá ní kò sí àyè, kí ọmọ dúpẹ́, kó padà wálé. Kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó fi ara rẹ̀ pamọ́ lọ ṣoore, ọkàn rẹ̀ á pín sí méjì, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ní lè ṣiṣẹ́ náà dáadáa.

Ohun tí ẹ máa béèrè

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ọmọ yín, ẹ bi àwọn olórí ìrìn àjò náà ní ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ má tijú:

1. Ta ni nínú ìlú náà ló pè yín, iṣẹ́ wo ló sì ní kí ẹ wá ṣe?
2. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe lọ́dún tó kọjá, ṣé ó ṣì wà? Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?
3. Ṣé kò sí káfíńtà, bíríkìlà tàbí akunlé ní ìlú náà tó lè fi iṣẹ́ yìí jẹun? Èló ni owó ọkọ̀ òfurufú ọmọ mẹ́wàá, iṣẹ́ mélòó ni owó náà ìbá sì ṣe bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí wọn?
4. Ẹni tí kò bá wá sí ìsìn, ṣé á rí oúnjẹ gbà?
5. Ṣé ẹ máa mú ọmọ wa lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí?
6. Ṣé ọmọ wa lè fi ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sọ́rùn?

Ìbéèrè kẹta yìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọ̀dọ́ tí kò di búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà mú rí nílé bàbá rẹ̀, ṣé ó yẹ kó rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì lọ kun ògiri ẹlòmíràn, kí akunlé tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà sì máa wò ó láìríṣẹ́? Ìgbà mìíràn wà tí iṣẹ́ tó dára jù ni kí a jókòó sílé, kí a fi owó ránṣẹ́.

Lẹ́yìn Kérésì ńkọ́?

A ò fẹ́ kí ẹ rò pé òkèèrè nìkan ni iṣẹ́ wà. Ibi tí a wà yìí náà, òkèèrè ni fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, àwọn tó fẹ́ bu oúnjẹ fún aláìnílé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń pọ̀. Bó bá di àárín oṣù Kìíní, tí òtútù wá le sí i, tí iná ọdún ti kúrò lójú títì, ọwọ́ á dín kù. Ebi ò mọ ọjọ́ ọdún. Kérésì á kọjá, ebi ò ní bá a lọ.

Ibẹ̀ la rí àyè tiwa. À ń dábàá pé kí ilé ẹ̀kọ́ wa mú àwọn ọjọ́ Àbámẹ́ta oṣù Kìíní àti oṣù Kejì, lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá parí, kí àwọn ọmọ tó ti dàgbà tó àti òbí wọn lọ ṣèrànwọ́ ní ilé ìdáná tó bá wà nítòsí, ìbáà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí tàbí ti àdúgbò. Ká gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà tiwa lọ, ká fọ àwo, ká bá arúgbó tí kò ní ẹnìkan sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ọbàtálá, ẹ rántí pé ẹni òrìṣà ni a ń pe arọ, abuké àti àfín. Bàbá yín ló ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ Ọbalúayé, ẹ mọ ẹni tó ni aláìsàn. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀ṣun, ẹ mọ ìyá tó ń tọ́jú ọmọ. Bí a bá ń bọ òrìṣà nílé, tí a ń kọjá lára èèyàn òrìṣà lójú títì, kí ni à ń bọ?

Ọmọ tó bá ti ṣe èyí fún ọdún kan tàbí méjì ló ti yẹ fún ìrìn òkèèrè. Á ti mọ̀ pé ẹni tí à ń bù oúnjẹ fún ní orúkọ, ó ní orí tirẹ̀, ó sì mọ ohun tó fẹ́. Bó bá wá dé ìlú onílùú lásìkò Kérésì, á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn onígbàgbọ́ tó ń fi ilé wọn sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn. A sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rántí ilé tó gba àwọn tiwọn ní 1842. Ẹ̀yin ọmọ wa tó máa lọ lọ́dún yìí, ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire. Kí Èṣù là ọ̀nà fún yín, kí Ògún ṣọ́ yín lójú òfurufú àti lórí ilẹ̀, kí orí yín gbè yín dé ibi rere. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé, a ó rí ara wa nídìí ìkòkò ẹ̀wà ní oṣù Kìíní.

Àbọrú, àbọyè. Àṣẹ.